Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ pa fọ́tò ojú mẹ́jọ pọ̀ di ẹyọ kan

Àbẹ̀kẹ́_Ayàwòrán: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ya Mọ́remí, mi ò sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ jọ ti ẹnì kan pàtó. Obìnrin 8 ti gbà kí n lo fọ́tò àwọn. Mo tò wọ́n léra nínú GIMP (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe), ó di bàìbàì, gèlè wọn dà bí èéfín. Kí ni ṣíṣe?

Tóyìn_Fọ́tò: Ẹ tún wọn yà, Àǹtí. Kí wọ́n ṣí gèlè, kí wọ́n kọjú sí kámẹ́rà gan-an, kí iná ti ibì kan náà wá. Ẹyinjú ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n: ẹ yí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ fẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ sún un kì, títí ẹyinjú méjèèjì á fi bọ́ sórí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni opacity, ìyẹn bí fọ́tò kan ṣe bo ti abẹ́ rẹ̀ tó, nínú ọgọ́rùn-ún: ti ìsàlẹ̀ 100, èyí tó lé e 50, ìkẹta 33, ìkẹrin 25, bẹ́ẹ̀ títí dé 12.5 fún ìkẹjọ. Bí ẹ bá fi 50 sí gbogbo wọn, ẹni tó wà lókè nìkan á gba ìdajì ojú náà.

Bàbá_Èédú: Ọmọ mi, ìwọ ronú nípa àwọn tí o yàn ná. Ní 1878, Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ó pa fọ́tò àwọn ẹlẹ́wọ̀n pọ̀ sórí awo kan, ó ń wá ojú ọ̀daràn. Ojú tó rí dára ju tiwọn lọ, torí ibi tí ti ẹnì kan wọ́, ti ẹlòmíì tọ́. Àmọ́ ní 1994, David Perrett, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ojú obìnrin 60 pọ̀, wọ́n tún pa 15 tó wu èèyàn jù nínú wọn pọ̀ lọ́tọ̀. Ti 15 yẹn làwọn èèyàn yàn. Nancy Burson, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú pa àwọn òṣèré sinimá 5 pọ̀ ní 1982, Marilyn Monroe wà níbẹ̀. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Ẹni tó o bá kó jọ ni ẹwà rẹ máa jọ.

Ọmọ_Ilé_Ifẹ̀: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àǹtí mi, ẹ má sì jẹ́ kí ojú náà dán ju. Ẹ wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938: ilà tín-tín sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ wọn, etí ètè wọn yọ kedere. Kò sí èyí tí fọ́tò àpapọ̀ máa fún yín.

Àbẹ̀kẹ́_Ayàwòrán: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tún wọn yà lánàá, ojú ti jáde. Àmọ́ èjí ọ̀kan nínú wọn ti pòórá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni mo fẹ́ràn jù. Mo ti fi èédú dá a padà.