Àbọ̀ ìbéèrè mi: láti yàrá ìmọ̀ràn dé ìdí ìwádìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. Mo bi yín nígbà náà bí sóṣà wọ́kà tó ń gbani nímọ̀ràn ṣe ń di olùwádìí lórí ohun tó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ LGBTQ (àwọn tó ń fẹ́ akọ tàbí abo bíi tiwọn, tàbí tí wọn ò rí ara wọn bí akọ tàbí abo tí wọ́n pè wọ́n nígbà ìbí) lè dúró bí ayé bá le koko mọ́ wọn. Ọ̀nà tí Caitlin Ryan, sóṣà wọ́kà tó di olùwádìí, gbà ní Amẹ́ríkà ti dá mi lóhùn.

Ó ti bá àwọn tó ní àrùn éèdì ṣiṣẹ́ ní Atlanta kó tó kan èyí. Ní 2002, òun àti olùwádìí Rafael Díaz dá Family Acceptance Project, iṣẹ́ ìwádìí lórí bí ìdílé ṣe ń gba ọmọ wọn tàbí kọ̀ ọ́, sílẹ̀ ní San Francisco State University. Orí ìdílé gan-an ni wọ́n gbé ìwádìí wọn lé. Nínú ìwádìí 2009 wọn, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọ̀dọ́ 224, àwọn tí ilé kọ̀ jù lọ ní ìgbà èwe fi ìlọ́po 8.4 ju àwọn tí ilé ò fi bẹ́ẹ̀ kọ̀ lọ nínú gbígbìyànjú láti pa ara wọn. Ó bà mí lẹ́rù, mi ò ní purọ́.

Fún ẹni tó béèrè nípa àwọn òbí ẹlẹ́sìn: Ryan àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ò ní kí àwọn òbí pa ìgbàgbọ́ wọn tì. Ìwà tó ń ṣe ọmọ léṣe ni wọ́n ń tọ́ka sí, àti èyí tó ń dáàbò bò ó.

Mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù másítà. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé, ẹ ṣé púpọ̀.