Ẹ bá mi dá igi yìí mọ̀: ó jọ dóńgóyárò, àmọ́ òdòdó rẹ̀ kì í ṣe funfun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igi. Igi kan hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, ó sì ti ga ju òrùlé lọ báyìí.

Mo kọ́kọ́ rò pé dóńgóyárò ni, torí etí ewé rẹ̀ rí bí eyín ayùn. Àmọ́ ti dóńgóyárò, ara ọ̀pá kan ṣoṣo ni àwọn ewé kéékèèké máa ń tò sí. Ti èyí, ọ̀pá náà tún ya ẹ̀ka, orí ẹ̀ka wọ̀nyẹn ni ewé wà. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò tí kò ki. Nǹkan kan dúró gangan láàárín rẹ̀ bí ọ̀pá tín-ín-rín, tó dúdú ju ìyókù lọ. Ó ń ta sánsán.

Èso rẹ̀ ló kàn mí jù. Ó rí roboto, ó pọ́n bí ìyeyè, ewé á sì wọ́ tán kí èso tó já. Mo fọ́ ọ̀kan: kóró inú rẹ̀ le bí òkúta, ó ní ìlà gbọọrọ lára, ihò sì wà láàárín bíi ti ìlẹ̀kẹ̀.

Ṣé Melia azedarach ni, igi tó bá dóńgóyárò tan, tí wọ́n ń pè ní chinaberry lédè Gẹ̀ẹ́sì? Èso ìyẹn ní májèlé, ọmọ mi ọdún 3 sì ń ṣà á nílẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni mo tún lè yẹ̀ wò kó lè dá mi lójú? Bó bá jẹ́ òun, ṣé kí n gé e ni, àbí kí n máa gbá èso rẹ̀ dànù? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.