Ta ni ìyá ńlá rẹ̀ fẹ́ onídán? Ẹ wá sọ tiyín

Àkànkẹ́ Ọ̀yọ́: Ìyá ìyá mi ò ti ilé ọ̀jẹ̀, ìyẹn ilé eégún onídán, wá, ata ni wọ́n ń tà l'Ákẹ̀sán. Lọ́jọ́ tí bàbá ìyá mi, onídán, di ejò ere lórí ẹní, gbogbo ọjà sá, ìyá ò sá. Wọ́n ní ojú ere yẹn ń wo àwọn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ìyàwó ti wọlé. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni àpótí igi kan lábẹ́ ibùsùn wọn. Ìyá nìkan ló ń sá ohun inú ẹ̀ sóòrùn, lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀kùn títì. Òórùn àdín àti káfúrà ló máa ń ta sí wa nímú. Títí wọ́n fi kú, wọn ò sọ ohun tó wà ńbẹ̀.

Ọmọ Ajílété: Àǹtí, obìnrin kì í mọ awo o.

Àkànkẹ́ Ọ̀yọ́: Bó bá mọ̀ ọ́n, kò gbọdọ̀ wí. Ìyá ò wí.

Ìyá Ìbejì: Háà. Omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀jẹ̀lọ́lá: Ilé eégún aláré ni wọ́n bí mi sí, láti Ọ̀yọ́-Ilé wá ni, kí Aláàfin Atìbà tó tẹ̀dó s'Ágọ̀ọ́ Ọjà, Ọ̀yọ́ òde òní, ní àwọn ọdún 1830. Bí onídán bá ń yí padà, àwọn ìyàwó ilé ló ń gberin. Bí orin bá já, idán já. Bàbá mi ní lọ́jọ́ kan l'Ógbómọ̀ṣọ́, ìyáálé bínú, kò gberin. Onídán tó ti di ọ̀nì nà sílẹ̀ gbọọrọ, kò lè padà di èèyàn. Wọ́n bẹ ìyáálé títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Aṣọ àrán ló gbà kó tó lanu.

Ọmọ Ajílété: Ẹ̀gbọ́n, aṣọ lásán ni ọ̀nì yẹn.

Ọ̀jẹ̀lọ́lá: O wọ̀ ọ́ rí?

Ìyá Ìbejì: Aṣọ àrán yẹn tọ́ sí i jàre!

Àdìgún: Ẹ ti gbàgbé Ọya ni? Ṣàngó rán an lọ gba oògùn nílẹ̀ Bàrìbá, ó tọ́ ọ wò lọ́nà, iná bá ń yọ lẹ́nu òun náà. Láti ọjọ́ náà, ta ni onídán nínú àwọn méjèèjì?

Ọmọ Ajílété: Ẹni tó ni oògùn ni.

Ìyá Ìbejì: Irọ́. Ẹfọ̀n l'Ọya tẹ́lẹ̀, awọ ló bọ́ kó tó wọ ọjà. Ẹ má fi idán ẹ̀ fún ọkọ ẹ̀.

Àdìgún: Ọdẹ ló gbé awọ yẹn pamọ́. Orogún ló wá fi bú u. Ìdí nìyẹn tó fi bínú lọ.

Ọ̀jẹ̀lọ́lá: Ẹ rí i? Àṣírí ilé ni. Ẹni tó bá tú u ló ba ìfẹ́ jẹ́, kì í ṣe idán.

Ìyá Ìbejì: Àkànkẹ́, àpótí ìyá ńkọ́?

Àkànkẹ́ Ọ̀yọ́: Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mi ò tíì ṣí i. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, mo máa ń gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, màá sì ti ilẹ̀kùn.