Ṣé "ọmọ ogun ọpọlọ" la ó máa pe microglia?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní Sùúrùlérè dábàá "ọmọ ogun ọpọlọ" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún microglia, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan nínú ọpọlọ. Ẹlòmíràn ní ká kúkú pè é ní "àtè kékeré", torí ìtumọ̀ orúkọ òyìnbó rẹ̀ nìyẹn. Àbá "àtè" yìí ò bá a mu, kò gba àríyànjiyàn: ní 1856, àtè ni Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, ka ohun tó yí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ká sí, èrò ọ̀hún sì ti kógbá sílé tipẹ́.

"Ọmọ ogun" ló ká mi lára. Lóòótọ́, microglia wà lára ohun tí à ń pè ní ṣọ́jà ara. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó dé. Inú àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Kí oṣù kejì oyún tó parí, ó ti ń wọ ọpọlọ. Ogun wo ló wà níbẹ̀? Ńṣe ló ń kó sẹ́ẹ̀lì tó kú jẹ, tó ń gé ìsopọ̀ àárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó pọ̀ jù kúrò kí èyí tó wúlò lè ráyè, bí àgbẹ̀ ṣe ń fa àgbàdo tó fún mọ́ra tu.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ nípa àwọn ọmọ tí jíìnì CSF1R wọn, èyí tí microglia nílò kó tó lè wà, bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Nínú ọpọlọ ọ̀kan tí wọ́n yẹ̀ wò, ekukáká ni wọ́n fi rí microglia, afárá tó so apá ọ̀tún ọpọlọ mọ́ ti òsì ò sì sí. Ọpọlọ tí kò rí ẹni tọ́ ọ nìyẹn.

Ní Èbúté Mẹ́ta tí mo ti ń bá àwọn aláboyún sọ̀rọ̀, mo dárúkọ "ṣọ́jà inú ọpọlọ ọmọ". Obìnrin kan dáhùn pé, "Nọ́ọ̀sì, ta ló ń bá ọmọ mi jà?" Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ohun tí mo dábàá ni "atọ́pọlọ": a-tọ́-ọpọlọ, bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Àbúrò kan ní Yábàá ti ní bí a ò bá fàmì sí i, ẹlòmíràn á kà á bí ẹni pé ọ̀pọ̀lọ́ inú odò là ń wí. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ní ìṣòro yẹn, a ò sì torí ẹ̀ pa á tì. Ẹ jẹ́ ká máa fàmì sọ́rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, bí àrùn bá wọ ọpọlọ, tí microglia dìde sí i, mo gbà fún yín: ẹ pè é lọ́mọ ogun nígbà náà.