Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: lílu ihò sí ìdí ife tánńganran àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ra àwo tánńganran àlòkù láti Stoke-on-Trent, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àwo ní England. Ife tíì tí sọ́sà wọn ti fọ́ ni mo fẹ́ gbin ewéko sí. Bíìtì dáyámọ́ǹdì 6 mm (ẹnu ẹ̀rọ ìlu-ihò) ni mo ní. Màá da ojú ife dé, màá lẹ téèpù mọ́ ìdí rẹ̀ kí bíìtì má baà yọ̀, màá máa bu omi sí i, kí ẹ̀rọ rọra yí, láìtan hámà rẹ̀ (èyí tó ń mú kí bíìtì máa gbá nǹkan) rárá.

Méjì nínú wọn ní ìlà wẹ́wẹ́ lára. Bí a bá fi èékánná kàn wọ́n, wọn kì í dún gooro bí àwọn yòókù. Ṣé wọ́n lè gba ihò láì là? Àbí kí n kọ́kọ́ lo 3 mm? Ẹ má ní kí n fi wọ́n mu nǹkan o: òjé lè wà nínú ohun dídán ara wọn, omi ọsàn á sì fà á jáde.