Èsì: “Ìje orí ìdọ̀tí” kẹ̀? Amọ̀ ni o

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí a ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìje ọkọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí á máa pe ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ tí wọn ò da ọ̀dà sí ní “ìje orí ìdọ̀tí”. Wọ́n pe àwọn ìje kéékèèké tó ń ṣáájú ìje ńlá ní “ìje ooru”, wọ́n sì pe òkìtì tó ń gbárajọ lẹ́bàá ògiri ní “tìmùtìmù”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi: ìwé atúmọ̀ èdè lẹ bi léèrè nípa “dirt”, “heat” àti “cushion” tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń wí, ẹ ò bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi lọ bi í lálẹ́ Sátidé.

Knoxville ní ìpínlẹ̀ Iowa ni mo lọ, nǹkan bíi máìlì 40 sí Des Moines tí mò ń gbé. Ìlú kékeré ni, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ràn ìje yìí ní Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje ńlá tó máa ń wáyé níbẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Steve Kinser nìkan sì ti gbà á nígbà 12. Èmi ò dúró de ìyẹn. Sátidé lásán ni mo lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìje ò tíì bẹ̀rẹ̀. Katakata ló wà lórí pápá, ó ń tú ilẹ̀, tánkà omi ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ máa rọra yípo, kí táyà lè tẹ ilẹ̀ náà kó kì. Ilẹ̀dú gidi ni, ó lọ́ràá; ká ní bàbá mi rí i ni, wọn á ní èé ṣe tí ẹnikẹ́ni ò gbin iṣu sí i.

Ohun tí à ń gbá dànù là ń pè ní ìdọ̀tí, àbí? Ilẹ̀ tí èèyàn tú, tó bomi rin, tó tẹ̀, tó tún ń ṣọ́ títí di òru, ìdọ̀tí ti ṣe jẹ́? Àbúrò kan ní “erùpẹ̀” ló dáa. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ erùpẹ̀ a máa yọ́ gba àárín ìka; èyí ń lẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ táyà típẹ́típẹ́. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ó ti gbẹ, ó ń dán yinrinyinrin lábẹ́ iná, ó sì ń yọ̀ bí àwo tí wọ́n fi epo pa. “Ìje orí amọ̀” ni tèmi.

Àwọn tó ní “eré àsápajúdé” ńkọ́? Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbáwí nìyẹn. Òun ni rédíò fi ń bú awakọ̀ tó gbé èrò já sí kòtò. Ta ló máa san owó ìwọlé lọ wò ó?

“Ìje ooru” ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kò sí ooru níbẹ̀ rárá. Wọ́n pín àwọn ọkọ̀ sí ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á sá ìje kúkúrú, àwọn tó bá ṣe dáadáa á bọ́ sínú ìje ńlá, àwọn yòókù á tún lọ jìjàdù ìwọ̀nba àyè tó kù. Kí lèyí bí kò ṣe sísẹ́ ògì? Mo bá pè é ní “ìje asẹ́”. Ìje àwọn tó kù, mo fẹ́ pè é ní “ìje eèrí”, àmọ́ ọ̀rẹ́ tí a jọ lọ ní bí awakọ̀ kan bá gbọ́ pé mo fi òun wé oúnjẹ ewúrẹ́, èmi gan-an ni wọ́n máa sẹ́. Mo ti kó o kúrò ńlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an rèé. Bí ọkọ̀ ṣe ń yípo, táyà ń fọ́n amọ̀ sókè sí ẹ̀bá ògiri, ó ń ga díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di òkìtì gbọọrọ. Awakọ̀ tó láyà á gbé táyà ẹ̀yìn ọ̀tún tì í, ọkọ̀ á sì yọ bí ọfà. Bó bá ré kọjá rẹ̀ pẹ́rẹ́, ògiri ló ń dúró dè é. “Cushion”, ìyẹn tìmùtìmù tàbí ìrọ̀rí, ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń gbórí lé e? Àgbẹ̀ ilé wa á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní ebè ni. Ipa tí táyà họ sílẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí àwọn tó fara balẹ̀ ń gbà, poro ni. Ebè àti poro! A ti ní méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó ṣe mọ́tò. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa dùn lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀: “Ó kúrò ní poro, ó gun ebè, ó já wọn sílẹ̀!”

Apá òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí, síbẹ̀ táyà iwájú á kọjú sí ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ á máa fì síta. Ẹnìkan kọ “yíyọ̀” sílẹ̀ fún un. Ẹni tó yọ̀ kò fẹ́ yọ̀. Àwọn wọ̀nyí mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Ẹ wo akàn létí odò: “ìrìn akàn” ni mo dá lábàá. Ẹni tó sì bi wá pé kí ló dé tí ọkọ̀ inú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ fi wọ́, ìsàlẹ̀ ni kó wò, bí amúkùn-ún ṣe wí. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún tóbi ju tòsì lọ, kí ọkọ̀ lè máa yà sósì wọ́ọ́rọ́wọ́.

Pátákó ńlá tó wà lórí ọkọ̀, ẹ má pè é ní ìyẹ́. Ìyẹ́ ń gbé ẹyẹ sókè. Atẹ́gùn tó ń kọlu èyí ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi 1,400 pọ́n-ùn, tòun ti awakọ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ẹṣin bíi 900, ó yẹ kí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóòótọ́. “Pátákó atẹ̀mọ́lẹ̀”, bí kò bá gùn jù.

Ohun kan wà tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Àwọn ọkọ̀ yìí kò ní sítáàtà. Ọkọ̀ mìíràn ló ń ti ìdí wọn kí wọ́n tó jí. Mo rántí dánfó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ lọ bá wọn tì í.

Ẹ̀gbọ́n, mo fún yín ní ibì kan ṣá o. Ẹ̀bá wáyà la jókòó sí, amọ̀ ń ta sí wa lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fìlà funfun ni mo dé lọ. Mo délé lọ́gànjọ́, ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀: “Bàbá Ìbejì, ìdọ̀tí wo lẹ rù wọlé yìí?”

Mi ò bá a jiyàn.