Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu Orlando Martins

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ará. Àwa mélòó kan la jọ ń sọ̀rọ̀ níbí, a ó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wa. Ẹni tó bá ń wá òṣèré wa Orlando Martins nínú fíìmù, kó má wo ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà síwájú. Kó wo ẹ̀gbẹ́. Ọkùnrin kan ń bẹ níbẹ̀ tó ga, tí àyà rẹ̀ gbòòrò, tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀ bí ìyá ìlù. Bí olú ẹ̀dá ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, tí ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí kò mira, tí ojú yín ò sì kúrò lára ẹni tó dúró yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun.

Ọmọ Èkó ni. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni wọ́n bí i, sí ìdílé Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wá sílé. Ẹni tó bá mọ àdúgbò Campos ní Erékùṣù Èkó kò ní bi wá léèrè ibi tí orúkọ Martins ti wá. Emmanuel Alhandu ni wọ́n sọ ọ́. Orlando ni ti orí ìtàgé. Ó dé London ní 1919, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ sì wáyé nígbà tí fíìmù kò tíì máa fọhùn. Ó ṣì ń ṣeré ní 1971. Èkó náà ló kú sí, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àkójọ orúkọ tí wọ́n fi ń ṣí fíìmù nìkan. Láyé ìgbà náà, òṣèré tí gbólóhùn rẹ̀ kò bá ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, wọn kì í sábà kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ojú àti etí lẹ ó fi wá a.

*

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún ti ẹ̀gbọ́n. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ Robert Adams, òṣèré dúdú mìíràn nígbà náà, fún Martins, tàbí kí wọ́n gbé ti Martins fún Adams. Wọn ò kúkú jẹ̀bi púpọ̀. Àwọn méjèèjì ló ja ìjàkadì gbowó ní ìlú Òyìnbó: "Black Butcher Johnson" ni wọ́n ń pe Martins nínú agbo, "Black Eagle" ni wọ́n ń pe Adams. Àwọn méjèèjì ló wà nínú eré Toussaint L'Ouverture tí C. L. R. James kọ nípa àwọn aṣáájú ogun òmìnira Haiti, tí wọ́n ṣe ní ilé ìtàgé Westminster ní London lóṣù Kẹta ọdún 1936. Paul Robeson, gbajúmọ̀ òṣèré àti olórin dúdú ará Amẹ́ríkà, ni Toussaint, Adams ni Dessalines, Martins ni Boukman.

Bí ẹ ó ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ rèé. Ọmọ Gùyánà ni Adams, kì í ṣe ọmọ wa. Nínú fíìmù Men of Two Worlds tó jáde ní 1946, ẹni tó wọ kóòtù tó ń tẹ dùùrù ni Adams. Adáhunṣe tó bá a forí gbárí ni Martins. Bó bá jẹ́ ohùn lásán lẹ gbọ́, èyí tó wúwo jù, tó lọ sílẹ̀ jù, ti ọmọ Èkó ni.

Ẹ kíyè sí Boukman yẹn náà. Òun ni wọ́n ní ó ṣáájú ètùtù òru tí àwọn ẹrú Haiti fi bẹ̀rẹ̀ ogun òmìnira wọn ní 1791. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Martins ṣe Boukman, ipa adáhunṣe náà ni wọ́n tún gbé fún un. Ojú kan náà ni wọ́n ń fi wò ó.

*

Iṣẹ́ tó ṣe yàtọ̀ sí ti iwájú kámẹ́rà ló kọ́ ara rẹ̀ ní eré, lójú tèmi. Lásìkò ogun àgbáyé kìíní ó ń kó èédú síná nínú ọkọ̀ òkun Mauretania. Ní London, ó ṣọ́ ilé lóru, ó ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná, ó bá agbo eré ẹranko rìn kiri gẹ́gẹ́ bí apidán ejò, ó sì wà lára àwọn tó ń kọrin nínú eré olórin Show Boat. Wọ́n tún mú un láti ṣe ẹrú nínú agbo oníjó ballet ti Diaghilev, ará Rọ́ṣíà, ẹrú tó kàn ń dúró.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ìdúró yẹn o. Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ iná ìtàgé rí mọ bó ṣe rí. Bí o bá gan orúnkún pin, ẹ̀jẹ̀ kò ní gòkè dáadáa, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i òòyì á kọ́ ẹ, o lè ṣubú lulẹ̀ gbì. Orúnkún gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀, kí ìwúwo ara pín sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kí èémí wà nísàlẹ̀ ikùn kí èjìká má baà máa lọ sókè sódò. Bí èjìká bá ń mì, èrò ìwòran á ti rí i pé ènìyàn ni, kì í ṣe ère.

Ejò kọ́ni ní ìfarabalẹ̀, torí ìmira òjijì ni ejò kórìíra. Ìjàkadì ní tirẹ̀ kọ́ni bí a ṣe ń ṣubú: àgbọ̀n á lẹ̀ mọ́ àyà kí orí má baà lu ilẹ̀, apá á na ilẹ̀ pàá kí ẹ̀yìn má baà gba gbogbo rẹ̀. Ariwo apá yẹn gan-an làwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ń gbọ́ tí wọ́n á fi ní "yéè!" Ẹ wá fi irú ara bẹ́ẹ̀ sínú fíìmù.

*

Sanders of the River, 1935. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Wọ́n ní Nàìjíríà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n etí odò Thames ní Shepperton ni wọ́n kọ́ abúlé rẹ̀ sí, wọ́n sì kó àwọn dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ọkọ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kún agbo. Jomo Kenyatta, ẹni tó padà di ààrẹ Kenya, wà lára èrò yẹn. Ipa kékeré ni ti Martins. Robeson fúnra rẹ̀ padà bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà, torí pé ìyìn ìjọba amúnisìn ló jálẹ̀ sí. Ẹ wò ó fún ìtàn, ẹ má wò ó fún ìgbádùn.

*

Magole, adáhunṣe inú Men of Two Worlds, ni ipa tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Abúlé kan ní Tanganyika, tí a ń pè ní Tanzania lónìí, ni ìjọba fẹ́ kó kúrò lójú kan nítorí eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun. Kisenga tó ti lọ tẹ dùùrù ní London padà wálé láti bá wọn bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀. Magole ní kò séwu, ó sì fi èpè dẹ́rù bà á. Ìwé eré náà ti dá ẹjọ́ kí òṣèré tó dé: onídùùrù ló jàre, adáhunṣe ló jẹ̀bi. Èyí ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú wa nínú, ó sì yẹ kó bí wa. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí Martins fi ṣe. Kò ṣe Magole bí wèrè tàbí ẹlẹ́yà. Ó ṣe é bí ẹni tó gba ohun tó ń sọ gbọ́, tí abúlé sì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹni tó wà ní ìhà kejì ò bá ní agbára kankan, kí ló fẹ́ mú kí Kisenga ṣàìsàn?

Ẹ rántí pé fíìmù aláwọ̀ mèremère ni. Kámẹ́rà Technicolor ìgbà yẹn ń yí fíìmù mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún àwọ̀ pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ búlúù. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú rẹ̀ pín sí mẹ́ta, nítorí náà iná tí wọ́n ń tàn nínú ilé ìyàwòrán máa ń pọ̀ gan-an, ooru rẹ̀ sì ń jó ni. Róòlù kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kì í ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Láàárín ìyẹn, òógùn á máa ṣàn, ẹfun àti osùn tí wọ́n fi kun ojú á máa yọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún kùn ún, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé. Bí ilà ojú bá fi díẹ̀ yẹ̀ láàárín àwòrán kan àti èyí tó tẹ̀lé e, olóòtú á rí i lórí tábìlì ìgé-fíìmù nígbà tí abúlé tí wọ́n kọ́ ti di wíwó.

*

Gbogbo yín ń yí orí ọ̀rọ̀ ká, ẹ jẹ́ ká dé ìdí rẹ̀. Blossom ni. Ipa kan ni, nínú eré The Hasty Heart tí John Patrick kọ: Martins ti kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní London ní 1945, ó sì tún ṣe é nínú fíìmù 1949, níbi tí Ronald Reagan, Patricia Neal àti Richard Todd ti jẹ́ aṣáájú. Reagan kan náà tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà ni o.

Ilé ìwòsàn ológun ní Burma ni. Ọmọ ogun Scotland kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lachie, kíndìnrín kan ṣoṣo ló kù fún un, ìyẹn náà kò sì ní pẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Kò mọ̀. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù nínú wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́. Blossom, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, wà lórí ibùsùn láàárín wọn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, orúkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n pè: "Blossom." Gbogbo wọn fún Lachie ní ẹ̀bùn; ẹ̀gbà ọrùn ìlẹ̀kẹ̀ ni ti Blossom.

Ibí yìí ni gbogbo eré náà so kọ́. Nígbà tí Lachie gbọ́ pé òun ń kú lọ, ó bínú, ó ní àánú lásán ni wọ́n fi ń bá òun ṣọ̀rẹ́. Ó kọ gbogbo wọn. Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni Blossom: ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kú. Nítorí náà, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti àánú. Ẹ rí i pé bí òṣèré bá ṣèèṣì fi hàn pé ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ nípa gbígbé ojú lásán, eré ti bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ wá ro bó ṣe le tó fún ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní London, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí omi, tó sì ti há ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn sórí láti orí ìtàgé. Ara máa ń ṣáájú ẹni ni. Bí àwàdà bá fẹ́ dé, èémí á ti wọlé, ẹ̀rín á ti wà lẹ́tìí ẹnu. Ẹni tó bá ń ṣe irú ipa yìí kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn yòókù. Á kọ́kọ́ wo ojú wọn, á rí i pé inú wọn dùn, lẹ́yìn náà ni tirẹ̀ á wá jáde. Kò gbọdọ̀ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni kó wò, torí ọwọ́ lẹni tí kò gbọ́ èdè fi ń mọ ohun tó ń lọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ mú un yí orí kíá. Bó bá tún wá ṣe é bí òmùgọ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn, torí Blossom kì í ṣe òmùgọ̀, àjèjì ni.

*

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un. Fíìmù dúdú-àti-funfun ni, wọ́ọ̀dù sì kún fún aṣọ ibùsùn funfun àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bí ayàwòrán bá ṣe kámẹ́rà rẹ̀ fún aṣọ funfun àti ojú Òyìnbó nìkan, ojú dúdú á di òkùnkùn lásán. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí iná kan ti ẹ̀gbẹ́ wá, kó gba orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí kọjá, kí òróró díẹ̀ sì wà lára awọ kó lè dán. Ó tún gba pé kí òṣèré mọ ibi tí iná òun wà, kó má sì kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà òṣèré ń fi ooru tó ń bà wọ́n lójú mọ̀ ọ́n láì wo ilẹ̀.

*

Ó padà sí Èkó ní 1959, ọdún tí ó ṣe agbọ́tí nínú Sapphire, tó sì ṣe Kalulu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Audrey Hepburn nínú The Nun's Story. Wọ́n ṣì ń pè é lẹ́yìn ìgbà náà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Kongi's Harvest ti 1970, tí Ossie Davis darí, tí Wọlé Ṣóyínká sì ṣe Kongi fúnra rẹ̀. Dókítà Gbenga ni Martins níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ó ṣe Obierika nínú fíìmù tí ará Jámánì kan ṣe láti inú Things Fall Apart. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ẹni tí kò bá tíì wo ọ̀kankan, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Blossom. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn, ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá, kí ẹ̀yin náà má gbọ́ èdè. Ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Lẹ́yìn náà kí ẹ tan ohùn padà, kí ẹ tún un wò.